Òru kan péré: àkọsílẹ̀ abúlé kan tí wọ́n pa run lẹ́ẹ̀mejì ní àárín Màlì

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020, àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ abúlé kan ní agbègbè Bankass, ní àárín orílẹ̀-èdè Màlì, palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n wọkọ̀, wọ́n sì lọ. Ohun tí àwọn ará abúlé gbọ́ ni pé àwọn mìíràn ń bọ̀ wá rọ́pò wọn. Ilẹ̀ ṣú, wọn ò rí ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n pe àwọn ológun, wọ́n pe àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà ni pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn ṣọ́jà ti wà lọ́nà. Nígbà tó di nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, àwọn agbébọn wọlé. Ó kéré tán, ènìyàn 35 ló kú, 19 di àwátì. Ilẹ̀ ti mọ́, ohun tó fẹ́ bàjẹ́ ti bàjẹ́, kí àwọn arọ́pò náà tó dé.

Abúlé yìí kan náà ni wọ́n ti pa ènìyàn tó lé ní 150 ní oṣù mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ náà. Gbogbo ayé ló gbọ́. Kò sí òṣìṣẹ́ ààbò kan ní Màlì tó lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Báwo ni irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ibi tí kò sí ṣọ́jà kan ṣoṣo fún odidi òru kan? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ tú wò níbí, fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ààbò ará ìlú, pípín ìrànwọ́ tàbí pípẹ̀tù sí aáwọ̀. Inú ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ni mo ti fa ìtàn náà yọ. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ Màlì á ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n náà ò sì nílò orúkọ kó tó lóye ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀

Ìsàlẹ̀ òkè Bandiagara ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ Seeno wà, ó sì tẹ́ lọ títí dé ẹnu ààlà Burkina Faso. Jéró ni àwọn ẹ̀yà Dogon ń gbìn níbẹ̀, màlúù ni àwọn Fúlàní ń dà. Orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Lásìkò òjò, àgbẹ̀ ló ni ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti kórè tán, màlúù á wọ inú oko wá jẹ pòròpórò, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì di ajílẹ̀ fún ọ̀gbìn ọdún tó ń bọ̀. Àwọn Dogon tó ní màlúù máa ń fi sìn lọ́dọ̀ Fúlàní. Ìjà kì í ṣàìsí láàárín wọn: màlúù á jẹ oko lónìí, àgbẹ̀ á dáko sí ojú ọ̀nà màlúù lọ́la. Àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbààgbà ló ń bá wọn parí rẹ̀.

Ọ̀dá ọdún 1973 àti ti 1984 pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i, oko ń gbòòrò, ọ̀nà màlúù ń fún. Ọ̀pọ̀ darandaran gbà pé ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ni ẹjọ́ ń gbè nílé ẹjọ́ ìjọba. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Màlì lọ́dún 2012, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kúrò ní àárín orílẹ̀-èdè náà pẹ̀lú, onídàájọ́ kúrò, àwọn agbófinró fi ibùdó wọn sílẹ̀. Inú àyè tó ṣófo yẹn ni Amadou Koufa, oníwàásù kan tó jẹ́ Fúlàní, gbà wọlé. Láti ọdún 2015 ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń jà. Ó mọ ẹ̀dùn ọkàn àwọn darandaran, ó sì mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní èdè wọn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pa òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ń pa baálẹ̀, wọ́n ń pa ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí pé ó ń bá ṣọ́jà sọ̀rọ̀. Fúlàní bíi tiwọn pọ̀ lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pa. Ohun tí ènìyàn kì í sábà rántí nìyẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, wọ́n pa gbajúmọ̀ ọdẹ Dogon kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọdẹ kóra jọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Dan Na Ambassagou sílẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni àwọn ọdẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò ṣòroó lóye. Ìjọba ò sí nílé, àwọn baba ń kú sóko, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n láti orí ìṣọ́, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí ìlé-ni-kúrò-nílùú. Ìbọn ṣakabùlà di ìbọn ogun. Àwọn Fúlàní náà kó ọmọkùnrin tiwọn jọ, wọ́n gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́.

Ibi tí mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe kíákíá ni ìgbà tí orúkọ ẹ̀yà di ẹ̀sùn. Kí wọ́n bá ọ lọ́nà, kí o la ẹnu, kí wọ́n gbọ́ èdè Fúlàní, ó ti parí: ọmọ Koufa ni ọ́. Bí o bá jẹ́ Dogon, ọdẹ tó ń pànìyàn ni ọ́. Ìyá tó ń ta wàrà àti ọmọ ọdún mẹ́ta kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìṣirò yìí. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2019, wọ́n pa ènìyàn 37 ní Koulogon, àdúgbò Fúlàní ni. Mo sì bẹ ẹni tó ń kà á lédè Yorùbá, kó gbé èrò tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nípa Fúlàní tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kò ní jẹ́ kó rí àwọn ènìyàn inú ìtàn yìí.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2019

Apá méjì ni abúlé tí à ń sọ pín sí, apá Fúlàní àti apá Dogon, wọn ò sì jìnnà síra. Ní apá Fúlàní, ibùdó kan wà tí àwọn ọmọkùnrin tó ní ìbọn ń gbé. Wọ́n ní àwọn ń dúró de ètò tí ìjọba fi ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun kí wọ́n lè padà sí ìgbé ayé ará ìlú. Lójú àwọn ará abúlé, ààbò nìyẹn. Lójú àwọn tó ń bọ̀ wá jà, ìdí nìyẹn.

Ìdájí ni wọ́n dé, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn wọ aṣọ ọdẹ. Ibùdó àwọn ọmọkùnrin náà ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Apá àwọn ọmọkùnrin náà ò ká wọn, wọ́n kú, wọ́n sì fọ́n ká, ni àwọn agbébọn bá kọjú sí ilé. Àwọn ènìyàn sáré lọ sí ilé àfáà àgbà abúlé náà. Wọ́n rò pé kò sí ẹni tó máa dá irú rẹ̀ láṣà kó wọ ibẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀ tí gbogbo ènìyàn ní fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n bá wọn, wọ́n pa àfáà náà, wọ́n sì pa àwọn tó sá di í. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n dáná sun àká. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka òkú 157 ó kéré tán, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn aṣojú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ náà wà ní Màlì fún àbẹ̀wò nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀.

Ilé àfáà yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní gbogbo agbègbè yẹn, láti ìran dé ìran, ibi tí ẹni tí wọ́n ń lé lè sá sí kí wọ́n má fọwọ́ kàn án wà. Ọjọ́ náà ni àwọn ará abúlé mọ̀ pé ìyẹn ti tán. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n pàdánù, mo gbà pé òun ni ìjọba àti àwa òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ ó sì wà lára ìdí tí àwọn tó sá lọ ò fi padà. Ilé ṣeé tún kọ́. Kí lo máa sọ fún ìyá kan pé ibi báyìí ni kó sá sí lọ́jọ́ mìíràn?

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀

Lọ́jọ́ kejì, ìjọba kéde pé òun ti tú Dan Na Ambassagou ká, ó sì pààrọ̀ àwọn olórí ológun. Olórí ẹgbẹ́ náà, Youssouf Toloba, ní ọwọ́ àwọn mọ́ nínú ìpànìyàn náà, àwọn ò sì ní tú ká. Wọn ò tú ká lóòótọ́. Olóòtú ìjọba, Soumeylou Boubèye Maïga, fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin. Ní oṣù kẹfà, wọ́n kọlu Sobane Da, abúlé Dogon, wọ́n pa ènìyàn 35, mẹ́rìnlélógún nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ẹ̀san ń bí ẹ̀san.

Ní ti ẹjọ́, ó di oṣù kẹfà ọdún 2021 kí ilé ẹjọ́ kan ní Mopti tó dájọ́ ikú fún ènìyàn 12 lórí ìpànìyàn ọdún 2019 náà. Púpọ̀ nínú wọn ò sí níbi ìgbẹ́jọ́. Àwọn ará abúlé mọ ojú àwọn kan lára àwọn tó kọlù wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n ṣì ń rìn káàkiri ní àdúgbò.

Ìjọba kó ṣọ́jà wá sí abúlé náà, wọ́n sì dúró. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Fún oṣù mélòó kan, wíwà wọn níbẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn tó kù lè sùn. Ṣùgbọ́n ààbò náà mọ sí ibi tí ojú ṣọ́jà mọ. Oko tó jìnnà díẹ̀ kò ṣeé lọ. Ọjà tó wà ní abúlé kejì kò ṣeé ná, nítorí ojú ọ̀nà ni ikú wà. Láti oṣù kejì ọdún 2018 ni ìjọba ti fòfin de alùpùpù ní ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè Mopti, tí abúlé náà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, nítorí alùpùpù ni àwọn agbébọn ń gùn. Alùpùpù yìí kan náà ló ń gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń gbé àpò jéró lọ sọ́jà. Bí abúlé ṣe di erékùṣù nìyẹn, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wà láàyè, wọn ò sì rí ohun gbé ayé ṣe. Kò tún sí ètò tó lágbára láti mú apá Dogon àti apá Fúlàní jókòó, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe máa jọ gbé. Ṣọ́jà nìkan ni ògiri tó wà láàárín wọn. Ẹni tó bá sì ti rí i pé ògiri kan ṣoṣo ló wà, ọjọ́ tó máa lanu ló ń retí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020 ló lanu.

Òru náà

Kò sí àdìtú nínú bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ikọ̀ kan fẹ́ lọ, ikọ̀ mìíràn fẹ́ wá. Nínú iṣẹ́ ológun, òfin rẹ̀ ò le: ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò gbọdọ̀ ṣí kúrò títí ẹni tó fẹ́ gbà á á fi dé, tí wọ́n á jọ rìn yí ibẹ̀ ká, tí èyí àtijọ́ á fi ohun gbogbo han tuntun. Ní abúlé yìí, ẹni tó ń lọ lọ ṣáájú kí ẹni tó ń bọ̀ tó dé. Àwọn tó fẹ́ pa wọ́n kò jìnnà, wọ́n rí ọkọ̀ tó jáde, wọ́n sì rí i pé ọkọ̀ kankan ò wọlé.

Ìpè fóònù ni kí á dúró lé lórí. Nínú ìpàdé wa, a máa ń sọ pé ìkìlọ̀ ló ń sọnù, pé bí ará ìlú bá ti lè tètè fi ewu tó wọ́n létí, a ó gbà wọ́n là. Nítorí ẹ̀ à ń pín fóònù, à ń pín nọ́ńbà, à ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe máa ròyìn. Gbogbo ohun tí a kọ́ wọn ni wọ́n ṣe lóru ọjọ́ náà. Wọ́n tètè pè, wọ́n pe ibi tó yẹ, wọ́n sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an, ó sì ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹni tó gbé fóònù náà gbọ́ wọn. Ohun tí kò sí ni ẹni tó lè sọ pé kí ọkọ̀ dìde nísinsìnyí, kó sì dìde.

Àwọn tó sá lọ

Àwọn tí orí kó yọ kò dúró mọ́. Àwọn kan kó lọ sí Bankass, àwọn kan dé Sévaré. Láti gbogbo àdúgbò Bankass àti Koro, ọ̀pọ̀ Fúlàní rin ọ̀nà tó ju 600 kìlómítà lọ, wọ́n dé Bamako, olú ìlú Màlì. Ní Faladié, níbi ọjà màlúù, ni púpọ̀ nínú wọn dúró sí. Ibi tí wọ́n pàgọ́ sí, ààtàn ni. Igi, àkísà aṣọ àti ọ̀rá ni wọ́n fi kọ́ àgọ́, màlúù ń rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, èéfín ìdọ̀tí tó ń jó ń wọlé bá àwọn ọmọ lójú oorun. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, iná sọ níbẹ̀, ó sì jó àgọ́ wọn. Àwọn kan lára wọn ti sá fún iná nígbà kan rí.

Ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè á bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò lọ sí ibùdó tó dára jù. Darandaran ni wọ́n. Ọjà màlúù ni wọ́n ti mọ ènìyàn, ibẹ̀ ni àwọn ìbátan wọn tó ń ṣòwò ti lè fún wọn lóúnjẹ, ibẹ̀ ni ọkùnrin tí kò ní màlúù mọ́ ti lè bá olówó so màlúù mọ́lẹ̀ kó sì gba owó díẹ̀. Ibùdó tó mọ́, tó sì jìnnà sí ọjà, ó tún ń lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni. Kí a tó yan ilẹ̀ fún àwọn tí ogun lé, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn Dogon náà sá. Ọ̀pọ̀ abúlé wọn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló dahoro, wọ́n kó lọ sí Bandiagara, Koro àti Bankass, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí, wọn ò sí ní ibùdó kankan. Ẹbí tó gba ènìyàn mẹ́wàá sílé ń pín jéró rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, orúkọ rẹ̀ ò sì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọdún 2019 fi máa parí, iye àwọn tó fi ilé sílẹ̀ tí wọ́n ṣì wà nínú Màlì ti lé ní 200,000. Àdéhùn Kampala, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2009, kò ya ẹni tó wà ní ibùdó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó wà ní ìyẹ̀wù àbúrò bàbá rẹ̀. Ní ẹnu iṣẹ́, àwa la ń yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ibùdó rọrùn láti kà.

Ohun tí mo fẹ́ kí á mú lọ sẹ́nu iṣẹ́

Èyí tó wúwo jù ni ti ìlọkúrò. Nínú ìwé ètò wa, ojú ewé púpọ̀ ló ń sọ bí a ṣe máa dé: ibi tí a máa pàgọ́ sí, ẹni tí a máa kí, ohun tí a máa pín. Ìlọkúrò kì í ju ìlà kan lọ. Àwọn tó ń ṣọ́ wa láti inú igbó ò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n mọ ọjọ́ tí a máa lọ. Ibikíbi tí ènìyàn bá ti wà láàyè nítorí pé ẹnì kan wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹni náà ń lọ ni ọjọ́ tó léwu jù, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ta ló ń lọ, ta ló ń bọ̀, aago mélòó ni wọ́n máa pàdé níbẹ̀, ta ló lè sọ pé kí ẹni tó ń lọ dúró. Kí ará abúlé kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, wà níbi tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí kò bá rí ẹni tuntun pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, iṣẹ́ ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni àtijọ́.

Èkejì ni ti fóònù tí mo ti sọ. Kí á yé ka iye ìkìlọ̀ tí a gbà. Wákàtí tó wà láàárín ìkìlọ̀ àti ìgbà tí ọkọ̀ dìde ni kí á máa kọ sílẹ̀.

Kí á má sì fi àwọn tó ní ìbọn sí àárín ilé àwọn tí kò ní. Ètò gbígba ohun ìjà dára, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí ọmọdé ń sùn.

Ní ti àlàáfíà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àwọn Dogon àti Fúlàní ní agbègbè Koro fọwọ́ sí àdéhùn láàárín ara wọn. Ohun tó mú kí n ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí ni pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ló wà nínú rẹ̀: kí Fúlàní lè wọ ọjà, kí Dogon lè lọ sóko, kí ẹni tó sá lè padà wá. Òjò pẹ̀tẹ́lẹ̀ Seeno ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹfà. Àdéhùn tí wọ́n bá parí ní oṣù karùn-ún ń fún àwọn ènìyàn ní odidi ìkórè kan, èyí tí wọ́n bá sún sí oṣù kẹjọ ti gba ọdún kan lọ́wọ́ wọn. Àwọn àdéhùn náà ò pa ogun. Wọn ò lè de ọwọ́ agbébọn tó ti ibòmíràn wá. Ní àwọn ibòmíràn ní àárín Màlì, ẹ̀wẹ̀, àwọn abúlé kan tí agara dá bá àwọn ènìyàn Koufa fúnra wọn ṣe àdéhùn, wọ́n gbà láti máa san sàká fún wọn kí wọ́n lè ráyè dáko. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí a fi sílẹ̀ lóru á wá ẹni tó máa jẹ́ kó rí ojúmọ́.

Lẹ́yìn ìkọlù kejì, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ibùdó ológun tirẹ̀ ní abúlé náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ìgbìmọ̀ Ààbò dìbò pé kí gbogbo àwọn apẹ̀tùsááwọ̀ kúrò ní Màlì, nítorí ìjọba Màlì ti ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n sì fún wọn títí di ìparí ọdún náà. Ibùdó abúlé yìí ni wọ́n kọ́kọ́ tì pa nínú gbogbo ibùdó wọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, nígbà tí jéró ṣì wà ní tútù lóko.